Èémí Kúkúrú ní Tafo

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Kumasi ní Ghana, mo kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Tafo, ìyá náà sì figbe ta. Ó rò pé mo ṣubú ni. "Wahwe ase! Wahwe ase!" ló ń pariwo, pé obìnrin yìí ti ṣubú o. Ọkùnrin méjì sáré wá, wọ́n gbá mi lápá mú, wọ́n gbé mi dìde, ọ̀kan tilẹ̀ ń bá mi gbọn erùpẹ̀ ara ìró mi. N kò tíì gbọ́ Twi, èdè wọn, nígbà náà. Yorùbá ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń mi orí sí mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìkúnlẹ̀ tí ìyá mi fi pàṣán kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìṣubú ni níbí.

Mo ti di opó kí n tó kúrò nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Kọ́lá, ó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ìbátan wa kan ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Kumasi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò máa bá òun mójú tó ẹ̀rọ ìlọta. Obìnrin náà ni Màmá Sáfù. Kumasi ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni ọkọ wọn kú sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ láyé wọn, ohun tí wọ́n sì rántí níbẹ̀ kò ju pé ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán.

Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Akwaaba, káàbọ̀. Kí là ń pe ọmọ ẹ?"

"Kọ́lá ni, mà."

"Ìyá Kọ́lá, jókòó. Mu omi ná. Ẹnìkan kì í bi àlejò léèrè nǹkan níbí kó tó mu omi."

Yorùbá tí wọ́n ń sọ dùn mọ́ mi létí, ṣùgbọ́n kì í dé òpin. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ti ilé wa, bó bá dé ìdajì, wọ́n á ṣẹ́rí sí Twi, èmi á wá dúró sí ìdajì ọ̀hún bí ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jà. Síbẹ̀ àwọn nìkan ló ń pè mí ní Ìyá Kọ́lá. Gbogbo ará Tafo yòókù, Maame Nika ni wọ́n ń pè mí, nítorí nika-nika ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. N kò rò pé ẹnìkan níbẹ̀ mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Inú yàrá páànù kan ni ẹ̀rọ wà, fèrèsé kékeré kan ló ní. Dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu, inú yàrá náà gan-an ló sì ń tú èéfín sí. Àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe kenkey là ń lọ̀ láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí wọ́n fi ń ro kokonte ló ń wọlé, eruku rẹ̀ funfun, ó sì fẹ́lẹ́, kì í tètè balẹ̀. Tí oòrùn bá rọlẹ̀, ata gbígbẹ ló kù, òun ló sì burú jù. Mo máa ń fi gèlè di imú, mo máa ń wúkọ́, mo máa ń sin. Bí mo bá pa ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́ tí mo wo dígí, irun ìpéǹpéjú mi á ti funfun bí ẹni pé mo darúgbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ta ni mo fẹ́ rẹ́rìn-ín náà fún?

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni n kò mọ̀ pé yóò le tó bẹ́ẹ̀. Àìrí oúnjẹ ilé jẹ kò pa mí lára, mo ti kọ́ kenkey jẹ, ó sì ti ń dùn lẹ́nu mi. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ń kún inú mi kò rí ibi jáde. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a kọrin tí mo mọ ohùn rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n Twi ni wọ́n fi ń kọ ọ́, èmi á wá máa fi Yorùbá kọ ọ́ jẹ́jẹ́ sábẹ́ ohùn wọn, bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Lẹ́yìn ìsìn, Kọ́lá á pè. Ìdajì wákàtí ìpè náà ni mo ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró dè.

Ọdún kẹfà ni èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kàn rí i pé mo ń dúró níbi tí n kì í dúró sí tẹ́lẹ̀. Láti ìdí ẹ̀rọ dé ìdí kànga, màá dúró lẹ́ẹ̀kan, màá ṣe bí ẹni ń tún ìró ró. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ní òtútù ni. Mo ní ọjọ́ orí ni.

Kọ́lá gbọ́ ọ lórí fóònù.

"Màámi, ṣé ẹ ń sáré ni?"

"Rárá o. Àtẹ̀gùn ni mo ń gùn."

Ilé ilẹ̀ ni ilé Màmá Sáfù, yàrá mẹ́fà yí àgbàlá kan ká, kò sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀ ju ẹsẹ̀ kan tó wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn bọ́ sí i fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún ń gun àtẹ̀gùn. Ìyẹn tó tẹ̀lé e náà, àtẹ̀gùn ni. Lọ́jọ́ kan, Kọ́lá ní, "Màámi, ilé yín mà ga o." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló jáde, mo sì ní iná fóònù mi ti ń tán.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ra sálúbàtà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì bú ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi, pé awọ burúkú ló lò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé abọ́ àgbàdo oníbàárà kan láti dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. N kò gbé e dókè. Àyà mi ń lù bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn kíkankíkan, ojú mi ṣú, mo sì jókòó sínú àgbàdo. Mo ya ẹnu, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Oníbàárà náà ló pe Màmá Sáfù. Wọ́n jáde láìwọ bàtà, wọ́n dá takisí dúró, wọ́n gbé orí mi lé itan wọn títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, Akosua lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n ti fún mi lóògùn, tí ọjọ́ díẹ̀ sì ti kọjá, ó fún mi ní páìpù kan tó so mọ́ ẹ̀rọ kékeré. Ó ní kí n mí kanlẹ̀, kí n wá fẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Maame, fẹ́ ẹ! Fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, má dúró!"

Mo fẹ́ ẹ títí omi fi dà lójú mi. Ó ní kí n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wo nǹkan tí ẹ̀rọ náà kọ, ó sì rọra gba páìpù lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí bí ọmọ tó kùnà nínú ìdánwò.

Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì àti Twi ṣàlàyé fún mi, ó yàwòrán sẹ́yìn ìwé. Ó ní eruku àti èéfín ọdún wọ̀nyí ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, àwọn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú rẹ̀ ti há. Mo ní, "Dókítà, àyà mi ló ń lù, ẹsẹ̀ mi ló ń wú. Kí ló kan ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀?"

Ó ní gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ọkàn ń tì í gbà kó lè mú afẹ́fẹ́. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti bàjẹ́, ọkàn á máa fi agbára tó ju agbára rẹ̀ lọ tì í. Tó bá pẹ́, yóò rẹ̀ ẹ́, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́sẹ̀.

Ó yé mi ju bó ṣe rò lọ. Mo ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kérora nígbà tí ọlọ bá dí. Bẹ́líìtì á máa rùn, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, ẹni tí kò mọ̀ á sì máa bú ẹ́ńjìnnì.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan. "Maame, ta ló ń sùn nítòsí yín? Ta ló ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí tí ẹ bá ti sùn?"

Mo wò ó. Ó ti gbé kálàmù, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kò sí," ni mo wí.

Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé mo dá wà lájò. N kò tíì rò ó láti ọ̀dọ̀ èémí rí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ bí mo ṣe ń mí lójú oorun gbẹ̀yìn. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Ó máa ń sọ pé mò ń mí bí ẹni tó ń fẹ́ná. Láti ìgbà tó ti kú, èémí mi ń wọlé, ó ń jáde, bí aago tó ń dún nínú ilé tí kò ní olúgbé.

Dókítà ní n kò gbọdọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ. Ó fún mi ní oògùn tí à ń fà sẹ́nu, àti èyí tó ń lé omi kúrò lára. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó ni ẹ̀rọ. Màmá Sáfù ti wẹ̀ fún mi nínú àìsàn náà, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn fọ aṣọ mi. Ojú wọn náà ni mo fẹ́ wò, kí n sọ pé ohun tí wọ́n fi ń jẹun ló ń pa mí. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta kó ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹrin, mo sọ ọ́.

"Bàbá mi ló fi ẹ̀rọ yẹn lé mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Wallahi, ìdí ẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ó pa mí ni?"

"Màmá, dókítà ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Ẹni tí mo gbà sílé ló wá ń sọ pé ilé mi ń pa òun. Ɛyɛ. Ó dáa."

Wọ́n gba ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ. Wọn kò lé mi kúrò ní yàrá mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí wọn, "Hẹ̀n" ni wọ́n ń dá mi lóhùn. Mo rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ní Ashanti New Town, òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni mò ń tà, mo sì ń jókòó tà á. Twi nìkan ni mò ń sọ látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá padà délé, ẹni kan ṣoṣo tó gbọ́ Yorùbá nínú àgbàlá ti yí ẹ̀yìn sí mi. Mo wá mọ̀ pé ohun tí mo ní tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìdánìkanwà. Èyí gan-an ló jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Kọ́lá tún bi mí bóyá àtẹ̀gùn ni.

Mo ní, "Kọ́lá, kò sí àtẹ̀gùn nínú ilé wa."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń dúró mí láàárín ọ̀rọ̀, n kò fi pamọ́ mọ́. Ó ti di ọkùnrin, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó ti gbéyàwó. Mo gbọ́ ọ tó ń fa imú.

"Mo ti mọ̀ pé irọ́ ni, Màámi. N kò kàn mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín pé mo mọ̀. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Ilé wo? Inú yàrá kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ilé ọkọ mi ti wà lọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, ìyá mi sì ti lọ. Ní ilé ìwòsàn tó wà níbí, fáìlì kan wà tí wọ́n kọ ìwọ̀n èémí mi sí, Akosua sì mọ ohùn mi kó tó gbójú sókè. Kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Kọ́lá pé màá wá kí wọn tí ara mi bá le sí i. Ó ní ó gbọ́.

Mo ń rìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láti ẹnu ọ̀nà wa dé mọ́ṣáláṣí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lára mi bí omi ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta. Lẹ́yìn oṣù kejì, mo dé mọ́ṣáláṣí láìdúró, mo kọjá rẹ̀, mo dé ibi tí trotro, ọkọ̀ akérò wọn, ti ń kó èrò. Mo dúró níbẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń wá ẹni tí mo lè sọ fún. Mété ọkọ̀ kan, ọmọ tó ń gbowó lọ́wọ́ èrò, bi mí bóyá ọjà Kejetia ni mò ń lọ. Mo ní, "Daabi, rárá o. Mo fi ẹsẹ̀ rìn débí ni." Ó ní ó dáa, ó sì lu ara ọkọ̀ kí wọ́n máa lọ.

Ìgbà ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde láti rìn, mo sì rí Màmá Sáfù lágbàlá, ọwọ́ wọn wà lára òpó, wọ́n gbójú sókè ọ̀run. Bí mo bá ní kí n kọjá, wọn ì bá tún ṣe "Hẹ̀n". Ṣùgbọ́n mo wo ẹsẹ̀ wọn. Ó ti wú bo ọrùn ẹsẹ̀. Mo tún gbọ́ èémí wọn.

"Màmá, kí lẹ ń wò?"

"Mò ń wo ojú ọjọ́."

"Ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ kì í di òpó mú."

Mo sún mọ́ wọn. "Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?"

"Mẹ́ta. Bí mo bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ńṣe ló dà bí ẹni pé mò ń rì sómi." Wọ́n yí ojú sí mi. "Ìyá Kọ́lá, mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fẹ́ nǹkan yẹn."

A lọ. Akosua ní kí wọ́n fẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ ẹ bí ẹni ń bínú sí i. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn. Nígbà tí dókítà pè wá wọlé, ó ní ti Màmá kò rí bíi tèmi. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọn kò bàjẹ́ tó tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ti ní fún ọ̀pọ̀ ọdún láìtọ́jú rẹ̀, ó ti sọ ọkàn wọn di aláìlágbára, omi sì ń padà kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró, ó dé ọkàn. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti ọkàn, ó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní inú ilé kan náà ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ń gbé, bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, èkejì kò ní sùn.

"Ṣé o gbọ́?" Màmá yíjú sí mi. "Mo sọ fún ẹ! Kì í ṣe nika-nika mi!"

Dókítà ní eruku ẹ̀rọ náà kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore o. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba èémí wọn tán, ó di ẹkún. Lórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Mo rò pé o fẹ́ lọ ni," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọ mi, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ rí àbùkù ilé. Òní ni páànù, ọ̀la ni èéfín. Kó o tó mọ̀, wọ́n ti di ará ibòmíràn. Ibí ni wọ́n bí mi sí, Ìyá Kọ́lá, títí di òní bí mo bá bá ẹnìkan jà lọ́jà, Alata ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Nàìjíríà, pé kí n máa lọ sílé. Mi ò mọ ilé kankan. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ mi lo dúró sí. Dákun, má bínú."

Àgbàlagbà kì í bẹ èwe báyẹn nílẹ̀ wa. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, n kò bìkítà bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ṣubú.

Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ní kí wọ́n gé páànù ògiri yàrá ẹ̀rọ lápá kan kí atẹ́gùn lè fẹ́ gbà á, wọ́n fa ọ̀pá èéfín jáde síta, wọ́n sì ra ìbòmú fún ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Láràárọ̀, àwa méjèèjì á jọ rìn. Ìyá àgbà méjì, a ń wọ́ sálúbàtà, àwọn ewúrẹ́ ń yà wá kọjá. Bí ọ̀kan bá dúró, èkejì kì í béèrè ìdí. Wọ́n ń kọ́ mi ní ìjìnlẹ̀ Twi, mò ń bá wọn tún Yorùbá wọn ṣe. Oṣù márùn-ún la fi rìn bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Ghana.

Ọmọ wọn obìnrin, Rahínátù, ló wá láti Accra. Ó rí oògùn ìyá rẹ̀ lórí tábìlì, ó kà á, ó sì ní òun kò lè fi wọ́n sílẹ̀ mọ́. Òótọ́ ló sọ. Dókítà ọkàn pọ̀ ní Accra, òun sì ni ọmọ. Èmi kí ni mo jẹ́? Mo bá wọn ká aṣọ. Màmá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa bá àwọn wo ẹni tó wà níbẹ̀, pé kó má yọ ìbòmú. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, wọn kò wo ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá wò ó, wọn ò ní lè mí.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò rìn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹjọ, fóònù mi dún láàárọ̀ kùtùkùtù.

"Ìyá Kọ́lá, ṣé o ti wọ bàtà?"

"Rárá, mà."

"Wọ̀ ọ́. Ọgbà Rahínátù gùn díẹ̀, mo fẹ́ rìn yí i ká. Má pa fóònù."

Bí a ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èémí wa kò tó fún ọ̀rọ̀ àti ìrìn pọ̀. Mo fi fóònù sétí, mo ń lọ lójú ọ̀nà Tafo láàárín àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí sìmẹ́ńtì ní Accra, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Àwọn náà ń gbọ́ tèmi. Bí wọ́n bá dúró, èmi náà á dúró, ibi yòówù kí n dé. Àwọn èèyàn á máa yà mí kọjá. Tí mo bá tún gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, màá gbéra.